Báwo la ṣe lè gba owó ìtọ́jú tí kò ní lé aláìní kúrò nílé ìwòsàn?

Ìbéèrè: Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin onímọ̀. Mo wà lára ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń bá ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ṣiṣẹ́. Owó tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn náà kì í pé, kì í sì í tètè dé, èyí ló mú kí wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ wa kọ àbá lórí iye tí aláìsàn yóò máa san. Àwọn kan nínú wa ní kí gbogbo ènìyàn san iye kan náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a ṣe ojúsàájú. Àwọn mìíràn ní kí a dá iye lé ohun kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn bá gbà, káàdì lọ́tọ̀, àyẹ̀wò lọ́tọ̀, oògùn lọ́tọ̀, ibùsùn lọ́tọ̀, kí a sì kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ìwé pé a ó yọ̀ǹda owó fún ẹni tí kò bá ní.

Gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, nígbà tí àwọn mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Áfríkà pàdé ní Bamako lórílẹ̀-èdè Mali, tí UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí aráàlú máa san díẹ̀ lórí oògùn, kí owó náà dúró sí ilé ìwòsàn tó gbà á, kí wọ́n sì máa fi í ra oògùn mìíràn. Èrò náà dára létí. Ọ̀pọ̀ ètò tó tẹ̀lé e ló ní gbólóhùn ìyọ̀ǹda fún aláìní nínú, ṣùgbọ́n inú ìwé ni gbólóhùn náà jókòó sí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí a ṣe lè to owó yìí tí yóò fi ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́, tí ẹni tí kò ní kò sì ní jókòó sílé títí àìsàn yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Bí ẹ bá rò pé kò ṣeé ṣe rárá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ síta.

Ìdáhùn: Akápò Tẹ́lẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba owó nílé ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná janjan wá. Ó san owó káàdì. Dókítà ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó padà wá sọ́dọ̀ mi, ó san án. Èsì jáde pé ibà ni, wọ́n kọ oògùn mẹ́ta, ó tún padà wá. Mo ka iye rẹ̀ fún un. Ó ka owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò pé. Ó wá bi mí pé nínú oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni òun lè fi sílẹ̀. Akápò ni mí, n kò kọ́ iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n èmi ló bi, nítorí pé èmi ni mo wà lójú fèrèsé. Ìwé kan wà lára ògiri tó sọ pé a máa ń yọ̀ǹda owó fún aláìní. Obìnrin náà kò rí i, torí ẹ̀yìn mi ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Èmi náà kò sì tọ́ka sí i fún un. Bí mo bá yọ̀ǹda, oògùn yóò jáde kúrò nínú àpótí, owó kò ní wọlé, nígbà tí oṣù bá sì parí, èmi ni wọn yóò pè láti wá ṣàlàyé ibi tí owó oògùn náà wà.

Ohun tí mo ń fà yọ níbẹ̀ ni pé ìyọ̀ǹda tí ẹnikẹ́ni kò ní san owó rẹ̀ padà, gbèsè ilé ìwòsàn ni. Ẹni tí ẹ bá sì gbé gbèsè lé lórí yóò wá ọ̀nà tí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀: kò ní sọ fún aláìsàn pé ìyọ̀ǹda wà, tàbí kí ó ní kí ó lọ gba lẹ́tà wá láti ọ́fíìsì kan tí kì í ṣí kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní Gánà, níbi tí wọ́n ti gbé owó ìtọ́jú sókè gan-an ní ọdún 1985, òfin yọ̀ǹda owó fún aláìní. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ìwé wò ní ẹkùn Volta fún ọdún 1995, nínú ẹgbẹ̀rún ìgbà tí aláìsàn wá gba ìtọ́jú, ìgbà tí wọ́n yọ̀ǹda owó kò tó ẹyọ kan. Níbi tí èmi ti ṣiṣẹ́, àwọn tó ń jẹ àǹfààní ìyọ̀ǹda jù ni ìbátan àwa òṣìṣẹ́ àti àwọn tí ẹnu wọn dá ṣáṣá. Ẹni tí ìyà ń jẹ gan-an kì í pariwo. Ńṣe ló máa ń rọra yí padà lọ sílé.

Kí ẹ tó dá iye kankan, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa san owó ẹni tí kò ní.

Ìdáhùn: Olùwádìí

Akápò wa, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ibi tí mo gbé e lọ yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ ń wá ọ̀nà tí a ó fi tún fèrèsé yẹn ṣe. Èmi ń bèèrè ohun tí fèrèsé ń ṣe níbẹ̀.

Àwọn tó ń gbe owó ìtọ́jú lẹ́yìn máa ń sọ pé owó díẹ̀ kì í pa ènìyàn lára, pé kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn fi ilé ìwòsàn ṣeré. Wọ́n ti dán èyí wò. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1974 sí 1982, ilé iṣẹ́ ìwádìí RAND pín àwọn ìdílé sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: àwọn kan ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ń san díẹ̀, àwọn kan ń san púpọ̀. Lóòótọ́ ni pé ẹni tó ń sanwó kì í lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ẹni tí kì í san, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó wúlò àti èyí tí kò wúlò ni wọ́n jọ dín kù ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Báwo ni yóò ṣe yàtọ̀? Ẹni tí orí ń fọ́ kò lè mọ̀ láti inú yàrá rẹ̀ bóyá yóò lọ fúnra rẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bọ̀. Nínú ìwádìí kan náà, àwọn tálákà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ṣe ní àǹfààní tó hàn kedere.

Ní Kẹ́ńyà ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé gbé àwọ̀n ẹ̀fọn fún àwọn aboyún ní iye oríṣiríṣi, wọ́n sì fún àwọn kan lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi tí iye rẹ̀ ti kúrò ní òfo tó di nǹkan bíi sẹ́ǹtì 60 owó Amẹ́ríkà, nínú aboyún 100, àwọn tó ń gbà á fi 60 dín. Àwọn tó sì sanwó kò lo tiwọn ju àwọn tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ, nítorí náà àròyé pé ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì kò dúró.

Ẹ tún wo èrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ìrírí àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà jọ lẹ́yìn àwọn ọdún 1980, owó tí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ń rí lọ́wọ́ aláìsàn jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 péré nínú 100 ohun tí ètò ìlera ń ná lọ́dọọdún, akápò, ìwé rìsíìtì àti àpótí owó sì tún ń jẹ nínú rẹ̀. Jámánì, tí kì í ṣe orílẹ̀-èdè tálákà, bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó yúrò 10 lọ́wọ́ ẹni tó bá lọ rí dókítà láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ọdún 2004. Nígbà tí ọdún 2012 parí, wọ́n pa á tì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó oògùn ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ pọ̀ débi pé nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 oògùn tí wọ́n ń fún àwọn ènìyàn ló ń jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá ní láti yọ gbogbo àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ kí owó kan tó di òdodo, kí ló dé tí a ń gbà á?

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì Àgbà

Mo kí yín o. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mò ń darí, n kò sì lè fi àlàyé dídùn wo aláìsàn.

Òótọ́ ni Olùwádìí sọ, ṣùgbọ́n ó dá ìtàn náà dúró láàbọ̀. Ùgáńdà fòpin sí owó ìtọ́jú nílé ìwòsàn ìjọba ní oṣù kẹta ọdún 2001, àyàfi ní ẹ̀ka àdáni àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn ènìyàn ya wọlé, àwọn tálákà ló sì jàǹfààní rẹ̀ jù, ohun ìdùnnú nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ìnáwó ìdílé wò lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìnáwó ìlera tó ń gbé ìdílé ṣubú kò dín kù láàárín àwọn tó tálákà jù. Ìdí tí wọ́n rò pé ó fà á ni pé oògùn ń tán nílé ìwòsàn, aláìsàn sì ń lọ rà á níta, ó sì ṣeé ṣe kí owó abẹ́ tábìlì ti rọ́pò owó orí tábìlì. Kò ya àwa nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ọjọ́ tí pẹpẹ oògùn bá ṣófo, ìwé pélébé la máa ń kọ fún aláìsàn pé kí ó lọ wá a, ìwé pélébé yẹn sì wọ́n ju owó tí a fagi lé lọ.

Sierra Leone rí ti Ùgáńdà kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n sọ ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ fún aboyún, ìyá ọlọ́mú àti ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ti gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ ìlera sókè. (Ìyanṣẹ́lódì ló tì wọ́n débẹ̀, ẹ má jẹ́ ká bo òótọ́ mọ́lẹ̀.) Ní ẹkùn Adamaoua ní Cameroon pẹ̀lú, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ilé ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, tí wọ́n sì rí i dájú ní ọjọ́ kan náà pé oògùn kò ní tán nílé ìwòsàn mọ́, rí aláìsàn púpọ̀ sí i, àwọn tó tálákà jù ló sì pọ̀ sí i jù, nítorí pé ìrìn jíjìn àti owó ọkọ̀ tí wọ́n ń ná láti wá oògùn kiri dópin. Owó nìkan kọ́ ló ń lé aláìsàn. Owó láìsí oògùn ló burú jù.

Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá iye lé ohun kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tí akápò sọ ìtàn rẹ̀ yẹn sanwó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mọ̀ pé ìkẹta yóò kọjá agbára òun. Ká ní ó ti mọ àpapọ̀ rẹ̀ kó tó kúrò nílé ni, ì bá ti yá owó tàbí kí ó bèèrè ìyọ̀ǹda láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dá iye kan ṣoṣo fún àìsàn kan, kí káàdì, àyẹ̀wò, oògùn àti ìpadàbọ̀ fún ìbẹ̀wò wà nínú rẹ̀. Kí ti ọmọdé kéré sí ti àgbà, kí ti ẹni tí a dá dúró sílé ìwòsàn sì wà lọ́tọ̀. Ó ń dáàbò bo aláìsàn lọ́wọ́ àwa òṣìṣẹ́ náà. Níbi tí abẹ́rẹ́ bá ti ń mú owó wọlé, mo ti rí bí abẹ́rẹ́ ṣe máa ń pọ̀. Ohun tó jọ èyí ni Táílándì ṣe ní ọdún 2001: báàtì 30 fún ìbẹ̀wò kan, ohun yòówù kí wọ́n ṣe fún aláìsàn, tálákà kò sì san. Ṣùgbọ́n ìjọba ń san iye kan fún ilé ìwòsàn lórí olúkúlùkù ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, òun ló gbé ètò náà dúró. Ní ọdún 2006, wọ́n mú báàtì 30 náà kúrò.

Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹ dá iye kankan lé: ìtọ́jú aboyún, ìbímọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àìsàn mìíràn tó lè ran ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ìtọ́jú ni kí ó kọ́kọ́ rí, kí ọ̀rọ̀ owó tẹ̀lé e. Ẹni tí ilé ìwòsàn kékeré fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ti ńlá kò gbọdọ̀ san owó ìgbàwọlé lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ sì fi òdiwọ̀n kan sí i. Ní Jámánì, bí ohun tí ìdílé ń fi kún owó ìtọ́jú bá ti tó ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún, wọn kì í san mọ́. Fún ẹni tó ní àìsàn onígbà pípẹ́, ìdá 1 ni. Níbi tí kò bá ti sí ìwé owó tó ń wọlé, ẹ ka ìgbà tó wá: lẹ́yìn ìgbà mélòó kan lọ́dún, kí ó máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Alátọ̀gbẹ tó ń wá lóṣooṣù kò dà bí ẹni tí ibà mú lẹ́ẹ̀kan.

Ìdáhùn: Olùwádìí

Mo gba ti oògùn, Ìyá Nọ́ọ̀sì. N kò gba ti owó. Ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá máa gbà á ṣá, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò sínú àbá náà, nítorí pé owó tó bá ti wọ ìṣirò ilé ìwòsàn, kì í rọrùn láti yọ.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Iye kan ṣoṣo fún àìsàn kan ti wọ àbá wa, ọjọ́ àtúnyẹ̀wò náà sì ti wọ̀ ọ́. Ohun méjì ló ṣì dí mi lọ́nà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní bí a bá ti ṣí ilẹ̀kùn ìyọ̀ǹda, gbogbo ènìyàn ni yóò di aláìní ní òru ọjọ́ kan. Èkejì ni ohun tí akápò sọ: ta ni yóò san án?

Ìdáhùn: Akápò Tẹ́lẹ̀

Ẹ má fi ìdájọ́ ẹni tó jẹ́ aláìní sójú fèrèsé. Ojú fèrèsé ni irọ́ àti ìtìjú ti máa ń pọ̀, nítorí pé ẹni tó ń bèèrè ti ń ṣàìsàn, ẹni tó ń dáhùn sì ń ṣọ́ owó. Ní Kàmbódíà, inú abúlé ni wọ́n ti ń ṣe é kí àìsàn tó dé: àwọn aráàlú fúnra wọn ń yan aṣojú, wọ́n ń lo ohun tí ojú lè rí, bí irú ilé tí ìdílé ń gbé, wọ́n ń lẹ orúkọ mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti kà á kí ẹnikẹ́ni lè tako o, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún ìdílé náà ní káàdì. Irọ́ ṣòroó pa níwájú ẹni tó ń rí àgbàlá ẹni lójoojúmọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni àpò owó àkànṣe kan ti ń san owó àwọn aláìní fún ilé ìwòsàn níbẹ̀, ọwọ́ ilé ìwòsàn kọ́ sì ni àpò náà wà. Ó tún ń san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ wọn. Ẹ wo ohun tí ìyẹn yí padà: aláìní di ẹni tó ń mú owó wọlé, akápò kò sì ní ìdí láti fi ìwé pamọ́ mọ́.

Ẹni tó ní lọ́wọ́ yóò sá wọlé, n kò jiyàn. Oògùn la ó pàdánù lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aláìní bá bọ́ síta, a kò tilẹ̀ ní gbọ́, nítorí pé kò ní wá sójú fèrèsé láti wá ṣàròyé. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ fara mọ́. Fún ọmọdé àti aboyún, ẹ má wulẹ̀ wá aláìní kiri, ẹ yọ gbogbo wọn sílẹ̀. Ọjọ́ orí àti oyún kò nílò aṣojú abúlé.

Ní ti owó, n kò ní tàn yín. Ohun tí ẹ bá yọ sọ́tọ̀ nínú owó àwọn tó ń san lè gbé ìwọ̀nba aláìní, bí àwọn tó ní bá pọ̀ ní agbègbè yín. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń tiraka, tálákà lẹ ó máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ fún tálákà, kò sì ní tó. Ẹ kọ ọ́ sínú àbá náà pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò san ti aláìní, lóṣooṣù, lórí ìwé tí ilé ìwòsàn bá fi ránṣẹ́, kí ẹ sì ṣètò pé ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn títí owó aláìní ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò fi wà nílé. Ní òpin oṣù, ẹ bèèrè iye ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Bí wọ́n bá dáhùn pé kò sí ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe rò pé aláìní kò sí; ẹ lọ wo ẹni tó ń jókòó sójú fèrèsé.

Ó ku ti alẹ́, tí àwọn ìgbìmọ̀ máa ń gbàgbé. Lálẹ́, akápò ti lọ sílé, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà tàbí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ mú owó wá. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ ẹni tó ní àṣẹ láti yọ̀ǹda lálẹ́, kí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ó má nílò láti pe ẹnikẹ́ni. Ìwé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì ńkọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí iná ti máa ń wà, kí olùṣọ́ fúnra rẹ̀ sì lè kà á.